Bí Ẹ Bá Ṣubú Nílé Onílé ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ: Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Owó Gbà-má-bínú Lábẹ́ Òfin

Ohun tó ń ba ẹjọ́ ìṣubú jẹ́ jù lọ lọ́dọ̀ wa níbí kì í ṣe òfin. Ẹnu ẹni tó ṣubú fúnra rẹ̀ ni. Èèyàn á yọ̀ ṣubú lórí táìlì tó tutù ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọn á gbé e dìde, wọn á máa kí i pẹ̀lẹ́, òun náà á sì máa dáhùn pé, "Ẹ má ṣèyọnu, kò sóhun tó ṣe mí, ọwọ́ Ọlọ́run ni." Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìbàdí ti wú, kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́, dókítà sì ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lánàá ló sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé kò sóhun tó ṣe é.

Ìdáríjì dára, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa di kùnrùngbùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ìpalára náà máa ná wa kí a tó dárí rẹ̀ jì. Ẹni tó bá fara pa nítorí àìbìkítà ẹni tó ń ṣàkóso ibì kan ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin Nàìjíríà láti béèrè owó ìtọ́jú, owó iṣẹ́ tó pàdánù, àti owó fún ìrora tó jẹ. Ohun tí ẹ bá tọ́jú ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni lọ́yà máa fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn oṣù púpọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi máa pẹ́ díẹ̀ lórí ọjọ́ méjì yẹn.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀

Ẹ má yára dìde. Ẹ ní kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán mú fóònù, kó ya ilẹ̀ náà bó ṣe wà: omi, epo, táìlì tó fọ́, àtẹ̀gùn tí kò ní ohun tí èèyàn lè dì mú, ibi tí iná kò dé. Kó kọ́kọ́ yà á láti òkèèrè kí gbogbo ibẹ̀ lè hàn, lẹ́yìn náà kó sún mọ́ ọn. Kó ya bàtà yín náà, tòkè tìsàlẹ̀. Lọ́yà àwọn tó ń ṣàkóso ibẹ̀ lè sọ pé bàtà gogoro yín ló gbé yín ṣubú, torí náà ẹ fi bàtà ọ̀hún sínú ọ̀rá, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì wọ̀ ọ́ mọ́. Kò ní pẹ́ tí wọn á fi nu omi náà kúrò. Kì í ṣe ìwà burúkú, ẹni tó ní láákàyè á nù ún kí ẹlòmíràn má bàa ṣubú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti nù ún tán, fọ́tò nìkan ló kù.

Bó bá jẹ́ òde ayẹyẹ ni, ẹ wá onífídíò rí. Lọ́dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú, ìnáwó wo ló wà, yálà òkú àgbà ni tàbí ìgbéyàwó tàbí àjọyọ̀ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra), tí kámẹ́rà méjì mẹ́ta kò ní máa rìn káàkiri? Ohun tí ẹ fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni fídíò tí kò tíì gé, kì í ṣe èyí tó ti to orin sí. Ìdí rẹ̀ rèé: bí omi bá dà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ó ṣòro láti bá oní-gbọ̀ngàn wí, torí kò tíì sí àyè fún un láti mọ̀. Bí fídíò bá wá fi hàn pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ wọlé ni omi yẹn ti wà níbẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fò ó kọjá, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ pátápátá. Bí ilé náà bá ní kámẹ́rà ara ògiri, ẹ kọ̀wé sí wọn kíákíá pé kí wọ́n má pa àwòrán ọjọ́ náà rẹ́, nítorí ẹ̀rọ ọ̀hún máa ń kọ tuntun lé ti àtijọ́.

Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó rí i. Ó dára kó má jẹ́ ẹbí yín nìkan, adájọ́ á tètè gba ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní ìdí láti gbè yín.

Lẹ́yìn náà ẹ sọ fún máníjà tàbí ẹni tó dúró fún ibẹ̀. Bí wọn kò bá ní ìwé tí wọ́n ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an: ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó wà nílẹ̀, ibi tó ń dùn yín. Ẹ má bú wọn, ẹ má sì dá ara yín lẹ́bi. Bí òṣìṣẹ́ kan bá sì sọ irú ọ̀rọ̀ bíi, "Ẹ má bínú mà, a ti sọ fún wọn láàárọ̀ pé kí wọ́n tún páìpù yẹn ṣe," ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Gbólóhùn kan yẹn fi hàn pé wọ́n ti mọ̀ kí ẹ tó ṣubú.

Wọ́n lè fún yín lówó ọkọ̀ tàbí owó oògùn lójú ẹsẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú kí ẹ gbà á. Ìwé tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí pé ọ̀rọ̀ ti parí ni kí ẹ má fọwọ́ kàn.

Ilé-ìwòsàn ṣáájú ẹni tó ń to egungun

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ló fọkàn tán àwọn bàbá tó ń to egungun, àwọn kan nínú wọn sì mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí X-ray ṣáájú. Wọn kì í fúnni ní ìwé tí kóòtù lè kà lọ́dọ̀ bàbá, bí egungun ìbàdí àgbàlagbà bá sì dá, bíi kó kàn rọ́ ló máa ń rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní agbègbè wa, ilé-ìwòsàn ìjọba wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà ní Ṣàgámù, ti Babcock wà ní Ìlíṣàn. Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, abala 20 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ pé ilé-ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ láìnídìí lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì.

Ẹ sọ fún dókítà bó ṣe ṣẹlẹ̀ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kó lè kọ ọ́ sínú káàdì yín. Mo tẹnu mọ́ èyí gidigidi. Bí káàdì bá sọ pé "aláìsàn ṣubú" lásán, ẹnì kan máa dìde ní kóòtù lọ́jọ́ iwájú pé nínú balùwẹ̀ yín lẹ ṣubú sí. Nígbà tí ìtọ́jú bá ti lọ jìnnà díẹ̀, ẹ béèrè ìwé àbájáde ìtọ́jú tí dókítà fọwọ́ sí, tó sọ ohun tó bà jẹ́, ohun tí wọ́n ṣe sí i, àti ohun tó ṣì kù láti ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá, ẹ lọ. Ẹni tó dáwọ́ ìtọ́jú dúró fúnra rẹ̀ ń fún wọn ní ohun tí wọ́n máa fi gé owó rẹ̀ kù.

Ìwé owó

Owó tí ẹ ti ná gan-an, kóòtù kì í fojú bù ú. Ẹ gbọ́dọ̀ kà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ẹjọ́, kí ẹ sì mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Rìsíìtì ilé-ìwòsàn, ti ilé oògùn, ti ọ̀pá ìtìlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kó sínú fáìlì kan. Àwọn ìwé pélébé tó ń jáde lára ẹ̀rọ POS máa ń ṣá, torí náà ẹ ṣe ẹ̀dà wọn lọ́jọ́ tí ẹ gbà wọ́n. Ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ kì í fúnni ní rìsíìtì, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́, ibi tí ẹ lọ, àti iye tí ẹ san.

Iye tó ń wọlé fún yín ńkọ́? Òṣìṣẹ́ oṣù ní ìwé owó oṣù rẹ̀. Oníṣòwò ló máa ń dàrú fún. Ìyá tó ń ta aṣọ lè máà ní ìwé àkọsílẹ̀ ọjà kankan, ṣùgbọ́n ó ní káàdì àjọ. Káàdì tí alájọ ti ń sàmì sí lójoojúmọ́, tí àmì rẹ̀ sì dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí ìyá ṣubú, jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára, pàápàá bí alájọ fúnra rẹ̀ bá lè wá jẹ́rìí. Ìwé báńkì náà dára. Bí ẹ bá gba ẹnì kan láti bá yín jókòó ti ṣọ́ọ̀bù, kó fọwọ́ sí owó tó ń gbà.

Ta gan-an lẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń kú. Òfin kì í kọ́kọ́ béèrè pé ta ló nilé, ohun tó ń béèrè ni pé ta ló ń ṣàkóso ibi tí ẹ ṣubú sí. Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gba yàrá ní Àgọ́-Ìwòyè. Ìdérí sọ́kàwéè já lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Lánlọ́ọ̀dù wà ní Èkó, kíatékà ló ń gba owó ilé. Ìyẹ̀wù akẹ́kọ̀ọ́ wà lábẹ́ àkóso òun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé, àtẹ̀gùn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò ṣì wà lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù. Bí àwọn ayálégbé bá ti sọ fún kíatékà pé ìdérí yẹn ti là, lánlọ́ọ̀dù kò lè fi Èkó ṣe àwáwí pé òun kò gbọ́: aṣojú rẹ̀ ti gbọ́.

Ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ, ilẹ̀ àti iná jẹ́ ti oní-gbọ̀ngàn. Wáyà tí ẹni tó ń lu orin nà kọjá ẹnu ọ̀nà lè jẹ́ ẹ̀bi ẹni yẹn. Lọ́yà lè pe àwọn méjèèjì pọ̀, kí kóòtù pín ẹ̀bi láàárín wọn.

Orúkọ tí wọ́n kọ sára ògiri kì í sábà jẹ́ orúkọ tí òfin mọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ bíi kọ́ńpìnnì ni èèyàn lè pè lórúkọ rẹ̀. Ẹni tó kàn gba orúkọ ìṣòwò, òun fúnra rẹ̀ lẹ máa pè. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí tàbí ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀, àwọn alágbàtọ́jú rẹ̀ tó wà nínú ìwé ìjọba lẹ máa pè lórúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ lè wo orúkọ wọ̀nyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú-ewé CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n pe ẹni tí kò sí lábẹ́ òfin, kóòtù á dà á nù, bó ti wù kí ẹsẹ̀ yín dá tó.

Bó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ yín lẹ ti ṣubú, ọ̀nà mìíràn wà fún yín. Lábẹ́ Employee's Compensation Act ti 2010, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá yín láàárín ọjọ́ 14, kí ẹ sì béèrè owó lọ́wọ́ NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, láàárín ọdún kan. Ẹ tètè sọ fún lọ́yà pé ibi iṣẹ́ ni, kó má bàa gba ọ̀nà tí kò yẹ lọ.

Ohun tí ẹ ní láti fi hàn

Lọ́dún 1928, ní ìlú Paisley ní Scotland, obìnrin kan mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, ó bá ìgbín tó ti jẹrà nínú ìgò. Òun kọ́ ló ra ìgò náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló rà á fún un. Lọ́dún 1932 ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Britain dájọ́ pé ẹni tó ṣe ọtí náà jẹ ẹ́ ní gbèsè ìṣọ́ra, torí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò sì ni ẹnikẹ́ni tí ìwà wa lè pa lára bí a kò bá ronú sí i. Àwọn kóòtù wa ń lo ìlànà yìí títí dòní. Nínú ẹjọ́ ìṣubú, ẹ máa fi hàn pé ẹni náà ló ń ṣàkóso ibẹ̀. Pé ewu wà níbẹ̀ tó mọ̀, tàbí tó yẹ kó mọ̀. Pé kò ṣe ohun tí ẹni tó ní làákàyè máa ṣe. Àti pé èyí ló fa ìpalára yín. Ẹ̀yin lẹ máa gbé ẹrù ẹ̀rí yẹn. Kò ní láti dájú bí ẹ̀rí ọ̀ràn ìpànìyàn, ó tó kí adájọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ yín ṣeé gbà ju tiwọn lọ.

Wọ́n lè ní ẹ̀yin náà kò ṣọ́ra, pé fóònù lẹ ń tẹ̀. Bó bá jẹ́ òótọ́ díẹ̀, owó yín lè dín kù ní ìwọ̀n ẹ̀bi yín. Ẹ má purọ́ nípa rẹ̀ fún lọ́yà yín. Ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé "Ẹ ṣọ́ra" kì í fi gbogbo ìgbà gbà wọ́n sílẹ̀. Bóyá ẹni tó ń bọ̀ lè rí i kó tó dé ibi ewu ni ìbéèrè. Ti ọmọdé, òfin kì í retí kó gbọ́n bí àgbà, òbí tàbí alágbàtọ́ ló sì máa dúró fún un ní kóòtù.

Ọjọ́ ń lọ

Ẹjọ́ ìpalára ní gbèdéke. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má jẹ́ kí ó dé ọdún mẹ́ta láéláé, kí ẹ sì ríi pé ẹ ti rí lọ́yà láàárín oṣù kan. Bó bá jẹ́ ilé ìjọba lẹ ti ṣubú, àyè kéré gan-an: Public Officers Protection Act ti ìjọba àpapọ̀ fi oṣù mẹ́ta péré sílẹ̀ láti gbé òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sí kóòtù. Ọjà tàbí gọ́tà tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ lè béèrè pé kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní ìwé ìkìlọ̀ kí ẹ tó pe ẹjọ́.

Ohun tó ń dun mí jù nínú èyí ni àwọn tí wọ́n ń fi "ẹ fún wa lọ́sẹ̀ méjì sí i" dá dúró. Ìdúnàádúrà kì í dá ọjọ́ òfin dúró. Èèyàn lè máa lọ máa bọ̀ lọ́fíìsì wọn tẹ̀ríntẹ̀rín títí gbèdéke á fi kọjá lórí rẹ̀.

Wíwá lọ́yà, pàápàá bí owó kò bá sí

Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, NBA, ní ẹ̀ka ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Ṣàgámù. Ibẹ̀ lẹ ti lè béèrè bóyá ẹni tó ní lọ́yà lòun jẹ́ lọ́yà lóòótọ́. Ìwé tí lọ́yà gidi bá kọ máa ń ní òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ yìí lára. Ẹ yàgò fún àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kóòtù tí wọ́n ń pe èèyàn.

Fún ẹni tí kò rí jájẹ, Legal Aid Council wà, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní wá lọ́yà, ó ní ọ́fíìsì ní Abẹ́òkúta. Ẹjọ́ owó nítorí ìjàǹbá wà lára ohun tí Legal Aid Act ti 2011 là kalẹ̀ fún wọn láti ṣe, fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà, tó di ₦70,000 lọ́dún 2024. Ẹ mú fáìlì yín dání àti ẹ̀rí iye tó ń wọlé fún yín. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní ẹ̀tọ́ sí èyí bí ọmọ olówó ti ní ẹ̀tọ́ sí lọ́yà tirẹ̀, kó má tijú.

Bí ẹ bá ń san owó, ẹ ní kí lọ́yà kọ àdéhùn sílẹ̀: iṣẹ́ wo ló máa ṣe, èló, ta ló máa san owó kóòtù àti owó ọkọ̀ dókítà tó fẹ́ wá jẹ́rìí. Ìlànà iṣẹ́ wọn gbà pé nínú ẹjọ́ owó bí èyí, lọ́yà lè gbà láti mú ìdá kan nínú ohun tí ẹ bá jẹ, bí ìdá náà kò bá ti pọ̀ jù. Ẹ bi í tààrà.

Lẹ́tà, ẹbí àti àdéhùn

Ohun àkọ́kọ́ tí lọ́yà máa ṣe ni lẹ́tà tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, iye tí ẹ ń béèrè, àti ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà yẹn bá dé, fóònù ẹbí yín máa bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Wọ́n á ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà lẹ wà, wọ́n á ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Olórítún (olórí àdúgbò) tàbí Baálẹ̀ lè ránṣẹ́ pè yín. Ẹ lọ. Ẹ fi ọ̀wọ̀ jókòó, kí ẹ kó ẹ̀dà rìsíìtì yín dání, kí ẹ sì sọ pé, "Ẹ̀yin bàbá wa, mo ti gbà láti parí ìjà. Iye tí ìtọ́jú ti gbà nìyí, èyí tó kù nìyí." Àgbà tó bá rí ìwé lójú kì í sọ pé kí ẹ lọ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ohun tí ẹ bá sọ láti fi wá ìparí ìjà, ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín kọ ọ́ lọ́nà tí wọn kò fi ní lè lò ó lòdì sí yín.

Ẹ má gba àdéhùn ẹnu. Ó gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé: iye, ọjọ́ tí wọ́n máa san án, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá san án. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó fọwọ́ sí i bóyá iṣẹ́ abẹ mìíràn ṣì ń bọ̀, torí ìwé náà lè ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo owó tó kù. Multi-Door Courthouse tó wà ní Abẹ́òkúta náà máa ń bá èèyàn parí irú ọ̀rọ̀ báyìí láìsí ariwo. Bí ẹjọ́ bá sì ti wà ní kóòtù tẹ́lẹ̀, adájọ́ lè sọ àdéhùn yín di ìdájọ́, kó ní agbára bí ìdájọ́ èyíkéyìí.

Ẹ má kó ọlọ́pàá wá bá wọn láti gba owó. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kò gbà kí wọ́n mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ́ ti ẹjọ́ owó lásán. Ẹni tó fara pa lè tipa bẹ́ẹ̀ di ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́.

Bó bá di kóòtù

Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ògùn ń jókòó ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Ṣàgámù. Ẹjọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè lọ sí kóòtù Májísíréètì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń fẹ́ kí ẹ kó gbogbo ẹ̀rí sílẹ̀: ọ̀rọ̀ yín, ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí tí wọ́n ti búra sí, ẹ̀dà ìwé gbogbo. Fún fọ́tò, fídíò àti ọ̀rọ̀ WhatsApp, abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ń béèrè ìwé ẹ̀rí nípa fóònù tàbí kámẹ́rà tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ má ta fóònù náà, kí ẹ sì rí i pé onífídíò yẹn ṣì ń gbé fóònù tirẹ̀ nígbà tí ẹ bá pè é.

Ó lè pẹ́. Adájọ́ lè yí padà, ẹlẹ́rìí lè rin ìrìn-àjò. Ẹ máa lọ ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá, kí ẹ sì máa fi ìwé ìtọ́jú tuntun ránṣẹ́ sí lọ́yà.

Bí ẹ bá jàre tí wọ́n kọ̀ láti san owó, kóòtù lè rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ kó ẹrù wọn tà, tàbí kó pàṣẹ fún báńkì wọn láti san owó náà láti inú àkáǹtì wọn. Ọ̀nà báńkì yìí ló sábà máa ń yá jù, ṣùgbọ́n lọ́yà gbọ́dọ̀ mọ báńkì tí wọ́n ń lò. Ó sábà máa ń wà lára rìsíìtì tí wọ́n fún ẹni tó háyà gbọ̀ngàn, torí náà ẹ bẹ ẹni tó ṣe ìnáwó náà kó ya fọ́tò rẹ̀ fún yín.